Ẹ̀dà VM ń lọ lálaalẹ́, ṣùgbọ́n ṣé yóò ṣeé dá padà? Ẹ jẹ́ kí a pa ìmọ̀ pọ̀

Alábòójútó Sáfà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni mo sì ń bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà wọn. Sáfà méjì ni a ní, Proxmox, sọ́fítíwíà tí ń jẹ́ kí sáfà kan gbé ọ̀pọ̀ VM, ni ó wà lórí àwọn méjèèjì, VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tí ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà) mẹ́sàn-án sì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Èyí tí ó tóbi jù lọ ni ó gbé fáìlì àwọn òṣìṣẹ́, 900 GB ni. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ó gbé dátábéèsì àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń ṣe ẹ̀dà wọn lódindi ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí mo sì ń kó o sí àpótí díìsìkì kan tí ó wà nínú yàrá kan náà.

Ní oṣù tí ó kọjá, díìsìkì méjì kú nínú sáfà kìíní láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá VM àwọn aláìsàn padà. Ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kà lójú kọ̀ǹpútà mi nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ tán, nígbà tí iná sì dé, àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì ni VM náà tó dìde, dátábéèsì inú rẹ̀ sì kọ̀, kò ṣí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fi bírò kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé, kí a tó rí ẹni tí ó bá wa tún un ṣe, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sì ti lọ pátápátá nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀dà tí a ní mọ.

Mo ń gbọ́ pé àwọn sọ́fítíwíà tí ń ṣe ẹ̀dà VM ti yàtọ̀ gidigidi sí ohun tí mo mọ̀ ní 2019. Kí ni ó yí padà gan-an, kí sì ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àfaradà, ẹ kú làálàá. Ohun tí ó yí padà jù lọ ni pé sọ́fítíwíà kò nílò láti ka gbogbo díìsìkì mọ́ kí ó tó mọ ibi tí nǹkan ti yí padà. Lórí VMware, sọ́fítíwíà mìíràn tí ń gbé VM, ọdún 2009 ni ọgbọ́n yìí dé pẹ̀lú vSphere 4. Microsoft fi tirẹ̀ sínú Windows Server 2016. Ní ti Proxmox tí ẹ ń lò, Proxmox Backup Server, sọ́fítíwíà ẹ̀dà tiwọn, ni ẹ nílò, ẹ̀yà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Bí VM ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ni QEMU, ètò inú Proxmox tí ń tan VM, ń sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n bá kọ nǹkan sí lórí díìsìkì rẹ̀, nígbà tí àkókò ẹ̀dà bá sì tó, ibi tí àmì wà nìkan ni yóò kà. Ègé 4 MB ni wọ́n ń gé díìsìkì náà sí, ègé kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n ṣírò láti inú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an, nítorí náà bí ègé kan bá jọ èkejì délẹ̀délẹ̀, ìbáà jẹ́ inú VM méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gba àyè. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè máa ṣe ẹ̀dà lálaalẹ́, kódà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, dípò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ pàdánù yẹn ì bá má ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn tí àwọn tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn kì í sábà rántí sọ. Inú mẹ́mórì ni àmì tí mo sọ yìí wà. Bí ẹnìkan bá pa VM náà, tàbí tí iná lọ tí sáfà sì kú, gbogbo àmì yẹn parẹ́, ní alẹ́ ọjọ́ náà sọ́fítíwíà yóò tún ka 900 GB yín láti orí dé ìdí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kìkì ègé tuntun ni yóò fi ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù bí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá di wákàtí mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, bátìrì ni kí ẹ lọ rà, ẹ má tíì fọwọ́ kan sọ́fítíwíà.

Èkejì: bí ẹ bá pa àwọn ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ tí àyè kò sì yọ lórí díìsìkì, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Orúkọ ẹ̀dà nìkan ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní prune ń yọ kúrò. Garbage collection ni ó ń kó ègé tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ dànù, kò sì ní fọwọ́ kan ègé tí wọ́n lò láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, kí ó má baà gé ẹ̀dà tí ó ń lọ lọ́wọ́ lọ́wọ́.

Ọmọ Oǹdó, Manchester

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa kíkó ẹ̀dà. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa dídá a padà, nítorí ibẹ̀ ni òru yẹn ti dá olùbéèrè wa lóró. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ dá VM padà gbọ́dọ̀ dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi délẹ̀ kí ó tó lè tàn án. Ọdún 2010 ni Veeam, ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe sọ́fítíwíà ẹ̀dà, gbé ọgbọ́n mìíràn jáde nínú ẹ̀yà karùn-ún sọ́fítíwíà wọn: a lè tan VM láti inú ẹ̀dà fúnra rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa lò ó, kí ìyókù sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn. Proxmox gba irú rẹ̀ wọlé ní 2021 nínú ẹ̀yà 6.4, live-restore ni wọ́n pè é. Bí VM bá béèrè ègé kan tí kò tíì dé, sọ́fítíwíà yóò sáré lọ mú ègé yẹn wá ṣáájú àwọn yòókù.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí ó kan yín tààrà. Bí live-restore bá já láàárín ọ̀nà, ohunkóhun tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti kọ sínú VM náà láti ìgbà tí ó ti dìde ti lọ nìyẹn. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti ka jálá epo tí ó wà nílẹ̀, kí ẹ sì mọ wákàtí tí yóò gbà.

Mo ti lo VMware fún ọdún mẹ́jọ kí ibi iṣẹ́ mi tó kúrò níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kúrò lẹ́yìn tí Broadcom ra ilé iṣẹ́ náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí wọ́n sì fòpin sí títa láísẹ́ńsì àrà-ṣàyérayé. Nígbà tí Veeam bẹ̀rẹ̀ sí í gba Proxmox wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ọ̀nà túbọ̀ là fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí mo kó láti ibẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Ní 2014, VMware fúnra wọn kéde pé bí a bá fẹ díìsìkì VM kan kọjá 128 GB, àmì tí ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti yí padà lè purọ́. Ẹ̀dà yóò parí, àmì aláwọ̀ ewé yóò jáde, síbẹ̀ nǹkan kan yóò ti ṣẹ́kù sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ dá a padà. Wọ́n ti tún un ṣe tipẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni n kò ti gba àmì aláwọ̀ ewé gbọ́ lásán mọ́.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ olùbéèrè wa: irú tábìlì wo ni ó wà nínú dátábéèsì yẹn? Bí sọ́fítíwíà dátábéèsì náà bá jẹ́ MySQL tàbí MariaDB, ẹ wò ó bóyá MyISAM ni tàbí InnoDB. Ẹ̀dà VM tí a ṣe nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ dà bí ìgbà tí a fa wáyà iná sáfà yọ lójijì: ohun tí ó wà lórí díìsìkì ni a rí gbà, ohun tí ó ṣì wà nínú mẹ́mórì ti lọ. InnoDB ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ó bá dìde. MyISAM kò ní irú rẹ̀ rárá, nítorí náà bí ẹ̀dà bá bá a níbi tí ó ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́, tábìlì náà lè bàjẹ́.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ṣe sí gbogbo VM tí ó bá ní dátábéèsì. Mo máa ń fi qemu-guest-agent sínú rẹ̀, kí Proxmox lè bá ẹ̀rọ inú VM sọ̀rọ̀ kí ó sì ní kí ó dá ìkọ̀wé sórí díìsìkì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ̀dà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀; lórí Windows, VSS ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí pé kò tó láti fi í sínú VM, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ibi tí wọ́n ti ń gbà á láàyè nínú Proxmox pẹ̀lú, kí ẹ pa VM náà kí ẹ sì tún un tàn. Bí ẹ bá tẹ `qm agent 104 ping` (104 dúró fún nọ́ńbà VM náà) tí kò sì fèsì kankan padà, tí kò bínú, ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń jẹ́ kí dátábéèsì kọ gbogbo ara rẹ̀ sínú fáìlì kan pẹ̀lú mysqldump ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ̀dà VM tó bẹ̀rẹ̀, kí fáìlì yẹn lè wọ inú ẹ̀dà. Bí tábìlì bá sì jẹ́ MyISAM, mo máa ń yí i sí InnoDB lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti dán an wò lórí ẹ̀dà.

Àbúrò Yín, Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. ZFS, ètò tí ń to fáìlì sórí díìsìkì, ni mo ń lò lórí sáfà mi, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń ṣe snapshot, ìyẹn àwòrán bí díìsìkì ṣe rí ní àkókò náà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni mo lè dá VM padà sí bí ó ṣe wà láàárọ̀. Ṣé kò tó ni?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Àbúrò, ìbéèrè gidi ni. Snapshot dára púpọ̀ fún àṣìṣe ọ̀sán, bíi kí o fi ẹ̀yà tuntun kan sí i kí ó sì ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n orí díìsìkì kan náà ni ó wà. Ó dà bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ rẹ̀ tí ó sì kó ojúlówó àti ẹ̀dà sínú àpótí kan: bí iná bá jó àpótí, méjèèjì ni ó lọ. Díìsìkì méjì ni ó kú lọ́wọ́ olùbéèrè wa lẹ́ẹ̀kan. Snapshot ẹgbẹ̀rún kan kì bá ti ràn án lọ́wọ́.

Wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé iṣẹ́ tí ń bá àwọn tí ń kọ sọ́fítíwíà tọ́jú iṣẹ́ wọn, ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, tí àwọn fúnra wọn kọ síta fún gbogbo ayé. Òṣìṣẹ́ kan pa dátábéèsì gidi rẹ́ níbi tí ó ti rò pé òmíràn ni, kí ó sì tó dá a dúró, nǹkan bí 300 GB ti ku nǹkan bí 4.5 GB. Ẹ̀dà tí wọ́n gbà pé ó ń lọ lójoojúmọ́ kò lọ rárá, nítorí pé ẹ̀yà pg_dump tí ń ṣe é kò bá ẹ̀yà PostgreSQL, dátábéèsì wọn, mu, ímeèlì tí ó yẹ kí ó ta wọ́n lólobó kò sì dé. Snapshot tí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni ó yọ wọ́n, ohun tí ó sì jẹ́ kí ó wúlò ni pé wọ́n ti kó o lọ sórí sáfà mìíràn. Máa ṣe snapshot rẹ lọ, àbúrò, ṣùgbọ́n fi ránṣẹ́ síta.

Aṣọ́nà, Èkó

Kò tíì sí ẹni tí ó mẹ́nu kan àwọn olè tí ń ti fáìlì ènìyàn pa tí wọ́n sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an ni ó sì ń gba oorun lójú mi. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìlì mọ́. Ẹ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá lọ pa rẹ́, kí ẹni tí wọ́n jà lólè má baà ní ibi tí yóò sá sí. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àwọn olè tí ń lo ESXiArgs, ètò kan tí ń ti fáìlì pa, kọlu àwọn sáfà VMware tí ó ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Veeam dí ihò ńlá kan nínú sọ́fítíwíà wọn, kò sì pẹ́ tí àwọn olè tí ń lo Akira àti Fog fi ń gba ihò yẹn wọ ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì fi àtúnṣe náà sí i. Sọ́fítíwíà ẹ̀dà fúnra rẹ̀ ti di ilẹ̀kùn. Ẹ máa tún un ṣe bí àtúnṣe bá ti ń jáde.

Èyí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe lórí Proxmox Backup Server. Ẹ má ṣe fi í sínú VM lórí sáfà kan náà tí ó ń dáàbò bò. Ẹ fún un ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ ṣẹ̀dá orúkọ ìwọlé ọ̀tọ̀ fún sáfà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ipa DatastoreBackup nìkan. Ẹni tí ó ní ipa yìí lè kó ẹ̀dà wọlé, ó lè dá tirẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹ̀dà rẹ́. Nígbà náà, bí olè bá tilẹ̀ gba sáfà yín pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó ẹ̀dà àná. Kí pípa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ẹ̀dà ń ṣe fúnra rẹ̀, kí pásíwọọ̀dù alákòóso rẹ̀ má sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ibikíbi mìíràn. Àwọn tí ń lo Veeam ní irú ààbò yìí láti ẹ̀yà 11 ti ọdún 2021, níbi tí sáfà Linux kan yóò ti kọ̀ láti pa ẹ̀dà rẹ́ títí ọjọ́ tí a dá fún un yóò fi pé.

Àkọsílẹ̀ aláìsàn ni tiyín, Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì dè yín mọ́ ọn. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹ̀dà kí ó tó kúrò lórí sáfà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn bá sọnù, gbogbo ẹ̀dà di òkúta. Kò sí ẹni tí yóò bá yín ṣí i. Àṣẹ kan wà, `proxmox-backup-client key paperkey`, tí yóò tẹ kọ́kọ́rọ́ náà jáde sórí ìwé pẹ̀lú àmì tí fóònù lè kà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí ọ̀kan wà nínú àpótí irin ọ̀gá ilé ìwòsàn, kí èkejì wà ní ibòmíràn tí kì í ṣe ọgbà ilé ìwòsàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ ni mo fara mọ́, àfi pé gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sáfà SBG2 ti OVHcloud ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníbàárà kan sì wà tí ẹ̀dà wọn wà níbi tí iná náà jó. Ó yẹ kí ẹ̀dà kan wà ní ìlú tàbí àdúgbò mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sáré gbé gbogbo rẹ̀ lọ sókè òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Yúróòpù lọ́jọ́ náà kò ní ẹ̀dà. Ẹ tún ṣírò ìyára. Bí ẹ bá ní 2 TB, tí ìlà yín sì ń gbé 20 Mbps, ọjọ́ mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ ni yóò fi lọ láìdúró. Bí ó bá jẹ́ 20 GB ni ó ń yí padà lójúmọ́, wákàtí méjì ó lé díẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ kó ẹ̀dà àkọ́kọ́ sórí díìsìkì, kí ẹ fi mọ́tò gbé e dé ibi kejì, kí sync job, iṣẹ́ tí ń gbé ẹ̀dà tuntun láti ẹ̀rọ ẹ̀dà kan sí òmíràn, máa gbé ìyókù lálaalẹ́. Kí ẹ̀rọ ibi kejì jẹ́ ẹni tí ń wá fà á, kí sáfà yín má ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan tí ó lè ṣí i. Ẹ̀yà 4.0 ti Proxmox Backup Server tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 lè kó ẹ̀dà sí ibi ìpamọ́ S3, irú ìpamọ́ tí a ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tààrà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é ṣì pè é ní ohun ìdánwò nígbà tí ó jáde, n kò sì ní gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn lé e nìkan.

Alábòójútó Sáfà, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti ń ṣe é láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá wa tí wọ́n wà ní Àkúrẹ́ rí i láìrí i: MyISAM ni gbogbo tábìlì náà. Mo ti yí wọn padà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ gba wákàtí mẹ́fà ó lé. Ti alẹ́ kejì gba ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún fún VM mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Iná lọ lọ́jọ́ kan tí bátìrì kò gbé e, alẹ́ ọjọ́ yẹn sì di wákàtí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ti sọ. Mo tún ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn pé fáìlì ń lọ́ra nígbà tí ẹ̀dà bá ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé VM gbọ́dọ̀ dúró kí ègé àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ẹ̀dà kí ó tó kọ tuntun lé e, díìsìkì ibẹ̀ kò sì yára. Mo tan fleecing tí ó dé pẹ̀lú Proxmox 8.2 ní 2024, tí ń jẹ́ kí ègé àtijọ́ sùn sórí SSD (díìsìkì ayára tí kò ní ohun tí ń yí) sáfà fúngbà díẹ̀, ìráhùn náà sì dáwọ́ dúró.

Ní ti ìdánwò, mo rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú yàrá ìkẹ́rù, mo fi Proxmox sí i, mo sì jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí àwọn VM inú rẹ̀ ń lò má so mọ́ wáyà kankan, kí VM tí a bá dá padà síbẹ̀ má baà bá ojúlówó rẹ̀ forí gbárí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo dá VM àwọn aláìsàn padà sórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó tì mí. N kò sọ nǹkan kan fún un nípa ègé tàbí àmì. Mo ní kí ó wá aláìsàn ìkẹyìn tí ó gbà wọlé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ó tẹ orúkọ náà, ó ka ìwọ̀n ìfúnpá obìnrin náà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì fi wé èyí tí ó wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀ gbà, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè fi wé ti oṣù tí ń bọ̀.

VM 900 GB ni ó kù. Mo dán live-restore wò lórí rẹ̀, ó dìde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáìlì kan ṣoṣo ń gba bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó ṣí, nítorí díìsìkì alágbàyípo ni mo fi sínú ẹ̀rọ ẹ̀dà.

Ọmọ Oǹdó, Manchester

Ibi tí ó ti ń ṣòro nìyẹn. Ègé 900 GB jẹ́ bí 230,000 fáìlì kéékèèké, díìsìkì alágbàyípo sì gbọ́dọ̀ fò láti ibì kan dé ibì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá wà, ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí SSD. Bí kò bá tíì sí, ẹ fi SSD méjì ṣe special device fún ZFS ibẹ̀. Orúkọ àti ibi tí ègé wà yóò máa wà lórí wọn, garbage collection yóò yára púpọ̀, ṣùgbọ́n live-restore fúnra rẹ̀ kò ní yára tó bẹ́ẹ̀. Fún VM fáìlì yẹn, títí owó yóò fi dé, ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe béèrè fáìlì kan péré lọ́wọ́ yín, nítorí láti ẹ̀yà 6.4 náà ni ẹ ti lè ṣí ẹ̀dà VM kí ẹ sì mú fáìlì kan jáde nínú rẹ̀ láìdá gbogbo VM padà.